Lọ́ńdọ̀nù Tí Àbúrò Mi Ń Fi Han Màámi

Ọjọ́ Àìkú ni àbúrò mi máa ń pè wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀, ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ọjọ́ yẹn nìkan ló sì ń sinmi. Á wọ ọkọ̀ lọ síbi táwọn àlejò máa ń lọ wòran nínú ìlú náà, á na fóònù sókè ká lè jọ wò ó. Èmi àti Màámi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Igando, àwọn ayálégbé á dúró sẹ́yìn wa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí aago gogoro tó wà létí odò, ààfin ọba àtàwọn ṣọ́jà tó dé fìlà onírun dúdú, àti afárá tó máa ń là sí méjì kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá.

Àbúrò mi á ní, "Ẹ ò ní pẹ́ débí, Màámi. Èmi fúnra mi ni máa mú yín káàkiri."

"Àmín. Afárá yẹn ni ká kọ́kọ́ lọ o."

Aṣọ iléèwé ni Màámi ń rán jẹun. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán apá aṣọ mọ́ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n ń kọlu ilẹ̀kùn, wọ́n ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife. Kí n tó rí wọn mú lọ sí ọsibítù, ojú òsì ti lọ. Dókítà ní iṣan ojú ló ń kú, èyí tó ti kú kò sì lè jí mọ́. Ó fún wa ní oògùn tá a ó máa kán sí ojú ọ̀tún tó kù. A kán an títí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màámi bi mí pé ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni. Oòrùn ti yọ, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀.

Mo mú fóònù kí n pe àbúrò mi. Màámi di ọwọ́ mi mú.

"Má sọ fún un. Ìwé ìgbélùú ẹ̀ ti parí, wọn ò tíì fún un lómìíràn. Tó bá gbọ́, á wá. Tó bá sì wá, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé síbẹ̀ mọ́."

"Màámi, ọmọ yín ni."

"Torí pé ọmọ mi ni."

Mi ò sọ. Ọjọ́ Àìkú dé, àbúrò mi wà nídìí àgbá kẹ̀kẹ́ ràgàjì kan tó ń gbé èèyàn yí po lókè létí odò.

"Màámi, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Ó mà ga o."

Ilẹ̀kùn ni Màámi kọjú sí. Mo rọra yí orí wọn sí fóònù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ohun tí mo bá rí sí wọn létí wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn ayálégbé ò wá wòran mọ́, wọn ò lè mú un mọ́ra.

Ó pẹ́ díẹ̀ ká tó dé ọjọ́ tí àbúrò mi ò fi ibì kankan hàn wá. Ojú ara rẹ̀ ló kọ fóònù sí. Ó ti rù kan egungun, orí rẹ̀ sì ti di kodoro. Kí n tó fọwọ́ kan Màámi, wọ́n ti bú sẹ́rìn-ín.

"Ojú ẹ ń dán! Irun tó o dì yẹn yẹ ẹ́ gan-an."

Àbúrò mi gbọ́wọ́ lé orí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà wo?"

Mo sọ fún un. Ó pariwo pé òun ń bọ̀ wálé.

"Wá ṣe kí ni?" Màámi bi í. "Ṣé o máa gbé ojú mi wá ni?"

Ó sunkún. Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́ pé àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, òun sì ń bẹ̀rù àtilọ sí ọsibítù nítorí ìwé ìgbélùú. Màámi ò lè sọ pé kó wálé, wọn ò sì lè sọ pé kó dúró.

Ó ṣì ń pè lọ́jọ́ Àìkú, láti orí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi béèrè ohun tó wà níta fèrèsé rẹ̀.

"Ògiri ni, Màámi."

"Àwọ̀ wo?"

"Ó pupa."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ pa fóònù nínú wa.