Etí Ehoro àti Ìdánwò Àfetígbọ́

Àwọn ará àdúgbò ló sọ obìnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn ìpàdé wọn ní Etí Ehoro. Kí ètò kankan tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, yóò ti rìn yí ilé po, yóò jókòó sórí àga ẹ̀yìn pátápátá, yóò dijú, yóò sì sọ ìró tó lè dààmú àwọn olùgbọ́. Ariwo ńlá kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní ayùn káfíńtà tó ń ké láti àárọ̀, a máa mọ́ etí lára bí òjò orí páànù. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó yéni ni olè, òun ló ń jí etí gbé.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánwò àfetígbọ́ àwọn tó fẹ́ di ògbufọ̀ ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú wọn, ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan rí, wọn kì í sì í gbani lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ tí yóò ka ìbéèrè fún wọn yóò sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó bá fo etí dá, ó lọ nìyẹn.

Ó jókòó, ó dìde. Ó tún jókòó. Ó jáde lọ bá onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri gbọ̀ngàn.

“Ẹ bá mi pa rédíò yẹn. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ.”

“Ìyá, bọ́ọ̀lù ọ̀hún kò lè gba ojú fèrèsé yín wọlé o!” Ó pa á ṣá.

Káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà da tirẹ̀ sí i. “Èmi ńkọ́? Ṣé kí n sọ fún pákó kó máa gé ara rẹ̀?”

“Ìwọ, máa gé e lọ. Má ṣáà dúró. Bí o bá dúró, wọn á máa retí ìgbà tí wàá tún bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ gbọ́ o! Ẹnìkan ń bẹ̀ mí kí n máa pariwo!”

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Etí Ehoro dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sọ èkejì kalẹ̀. Lójijì, oníbàárà onígbàjámọ̀ kan yọ síta, fóònù létí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá sáré bá a, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́:

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé ohùn yín wálẹ̀. Ọmọ mi wà nínú ilé yìí.”

Nígbà tó fi máa yọjú lójú fèrèsé, gbogbo wọn ló doríkodò tí wọ́n ń kọ̀wé. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé orí sókè, tí bírò rẹ̀ dúró gbagidi. Ọmọ rẹ̀ ni.

Nígbà ìsinmi, ọmọ náà wá bá a níta.

“Màmá, mi ò gbọ́ ayùn. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín ẹnikẹ́ni. Ohùn yín ni mo gbọ́. Mo rò pé nǹkan ti ṣe yín ni. Ìbéèrè méjì ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Mo kúkú rọra sọ ọ́.”

“Mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ tí ẹ bá ń jí mi.” Ó nu ojú. “Ó ku apá kejì. Ẹ dákun, ẹ lọ jìnnà.”

Ìyá mú ọ̀nà pọ̀n. Ó kọjá ṣọ́ọ̀bù, ó kọjá ilé epo, títí ó fi dé ibi tí kò ti gbọ́ ayùn mọ́. Níbẹ̀ ló ti ń lọ tó ń bọ̀ bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí, tó pa ẹnu dé, tí kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.