Wàláà Tí Baba Wa Fọ̀

Àbúrò mi Rasheedah lẹ́nu bí abẹ. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Malete, àwa ará ilé sì máa ń sá fún ìbéèrè rẹ̀. Baba wa, Alfa Abdulwaris tó ni ilé kéú ní Pàkátà, nìkan ni kò sá fún un rí.

Nígbà tí iyè Baba ṣì pé, wọ́n bi Rasheedah léèrè ohun tó ń kọ́ni gan-an. Ó tọ́ka sí wàláà, pátákó tí ọmọ kéú fi ń kọ sùúrà.

"Baba, bí ẹ bá fọ̀ ọ́, tàdáà tí wọ́n fi kọ̀wé sára rẹ̀ ò parẹ́. Inú omi ló túká sí. Ìtúká yẹn là ń pè ní ẹ́ńtírópì. Èèyàn ò sì lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ooru díẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn ohun tíntìntín tójú ò rí náà, ìṣirò ìtúká yẹn náà la fi ń wọ̀n wọ́n. Bí méjì nínú wọn bá ti so pọ̀, ẹni tó wo ọ̀kan ṣoṣo, rúdurùdu ló máa rí. Àárín àwọn méjèèjì lọ̀rọ̀ wà."

Baba rẹ́rìn-ín. "Ṣé a lè kó o jọ padà?"

"Ó ṣòro, Baba."

Ìdáhùn yẹn bà mí lẹ́rù, mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Baba bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan: orúkọ aládùúgbò, lẹ́yìn náà ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọn ò lè kọ̀wé mọ́. Àwọn èèyàn ń tù wá nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Irọ́ ni, agbè náà ń fọ́. Wàláà kan ṣoṣo ló kù tí ìkọ̀wé wọn wà lára rẹ̀. Rasheedah gbé e pamọ́ sílé rẹ̀ ní Adéwọlé. Ó ní bí Baba bá gbàgbé gbogbo wa tán, èyí á ṣẹ́kù fún òun.

Láàárọ̀ Jímọ̀ kan nínú ọyẹ́, ó gbé e wá, bóyá Baba á rántí. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé wàláà náà síwájú Baba, ó ka sùúrà ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò ṣì í kà. Ojú Baba là, wọ́n ń mi orí. Inú mi dùn.

Àwa méjèèjì ló gbàgbé ohun tí gbogbo ọmọ kéú mọ̀: ẹni tó bá ka wàláà rẹ̀ já, fífọ̀ ló kàn. Kí a tó lanu, Baba ti da omi búútà àlùwàlá wọn sí i, wọ́n ti fọwọ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ sínú àwo.

Rasheedah kígbe. Baba na omi dúdú náà sí i, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tó mọ̀wé.

"Mu ún. Ọlọ́hun á là ọ́ níyè. Ta ni bàbá rẹ?"

"Alfa Abdulwaris ni."

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni Baba wí. "Ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ dáadáa."