Kí Ni Bàbá Ìkà Ṣe fún Ẹ̀gbọ́n Mi?

Wúyẹ́wúyẹ́ ni àwọn òṣèré ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó sínú ihò kékeré kan níwájú ìtàgé, kí ó ṣí ìwé eré sórí itan, kí ó máa sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀. Àwọn òǹwòran kì í rí i. Inú ihò yẹn ni irun rẹ̀ funfun sí. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mò ń rán aṣọ eré, ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, mo sì ń rí i kedere láti ibẹ̀. Ìṣojú mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Bàbá Ìkà, àgbà òṣèré wa, ló máa ń ṣe ìkà nínú eré àtijọ́ kan. Orúkọ náà kò bá a mu rárá, torí kò lè tẹ èèrà pa. Nínú eré yẹn, ìránṣẹ́ kan fún ọmọ ọ̀gá rẹ̀ ní májèlé jẹ nítorí pé ọ̀gá kò kí i níwájú àlejò. Gbogbo ìgbà ni Bàbá ń ráhùn sí i.

"Ẹni tó kọ eléyìí ò ṣe é dáadáa. Ta ló máa torí ìkíni lásán pa ọmọ ọlọ́mọ? Kò ṣeé gbà gbọ́."

Àwa a máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kì í rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Ìyẹn náà tó ìdí, Bàbá," ló máa ń dá a lóhùn látinú ihò.

Nígbà tó yá, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ọ̀rọ̀ eré. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi wá dá ọgbọ́n kan: tí ọ̀rọ̀ bá ti sọnù, Bàbá á fa bàtà ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀ bí ẹni tínú ń bí, ẹ̀gbọ́n mi á sì sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Àwọn òǹwòran á ní, ẹ wo bí ìkà ṣe ń rìn! Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kò bo gbogbo rẹ̀. Mánéjà wa, obìnrin tí kì í fẹnu méjì sọ̀rọ̀, ní bí Bàbá bá tún dúró bí igi lẹ́ẹ̀kan péré, ó di kó máa lọ. Ibo ni yóò lọ? Iyàrá ẹ̀yìn ìtàgé ló ń gbé, àwa nìkan ló sì ní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mánéjà wá jókòó níwájú pátápátá, Bàbá dé ibi tí ìkà ti ń sọ ìdí tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe. Ó dákẹ́. Ó fa bàtà. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ìka rẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an, ó sì pa ẹnu dé. Bàbá tún fa bàtà, ó tún fà á, títí ẹnìkan fi bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wo àgbàlagbà náà bí ẹni ń wo òjò lójú fèrèsé. Nígbà tó ṣe, wọ́n fa aṣọ ìtàgé dé.

Mo ká a mọ́ iyàrá aṣọ. "Bọ̀dá mi, kí lẹ ṣe yẹn? Kí ni bàbá yẹn ṣe fún yín?"

"Ipò tó yẹ kí n wà ni wọ́n gbé fún un."

"Irọ́! Ẹ̀yin tí ojú máa ń tì láti sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn méjì!"

"Ó máa ń fojú àánú wò mí."

"Ìyẹn náà ni?"

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Mo kàn rí i pé mo lè ṣe é ni."

Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, ẹni tó pọ̀n mí ní kékeré.

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá fi wọlé, àpótí lọ́wọ́. Mánéjà ti ní kó máa lọ. Ó sì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni!

"Má jẹ̀ẹ́ kó dùn ẹ́," ó wí. "Etí mi ló ti di. Mo mọ̀ pé o sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Mi ò lè gbé e mì. "Irọ́ ló ń pa, Bàbá! Mo rí i! Ó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni!"

Bàbá yíjú sí mi. "Kí ni mo ṣe fún un?"

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Ṣé o rí i báyìí," ló wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Èèyàn kì í ṣe irú ẹ̀ láìnídìí. Bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ, ọmọ mi."

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀, kò kúrò, títí mo fi kúnlẹ̀ tí mo sì bẹ ẹ̀gbọ́n mi.