Àpótí Mùíz Nínú Pálọ̀ Ìyá Hadassah

Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo Abúlé Òkúta ní Bàríga gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹ pe Ìyá Hadassah, kí ẹ sọ fún un pé àṣírí ni. Àyìnkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹja ló ń yan níwájú ilé rẹ̀. Èmi tí mo ń ránṣọ lódìkejì ọ̀nà, mi ò ra rédíò láti ọjọ́ tí mo ti dé àdúgbò yìí. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ìdí nìyẹn tó fi ń yà mí lẹ́nu títí di òní pé òun ni Mùíz, ọmọkùnrin tó ń gbé lópòópónà kejì, yàn láti lọ bá. Àpótí kékeré kan ló gbé wá, tí iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

"Mummy, ẹ jẹ́ n gbé e sí pálọ̀ yín. Ẹ̀yin náà á máa rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò free. Ẹ má pa á o. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Èmi? Ta ni n ó sọ fún?"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹlẹ́kọ ti mọ̀, pásítọ̀ ti mọ̀, èmi náà ti lọ wò ó. Ó ti fi aṣọ léèsì bò ó lórí bí ìyàwó tuntun.

Kò sóhun tó fẹ́ fi íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ṣe ju kó máa rí Hadassah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà nínú oyún ní Kánádà. Nígbà tí Hadassah bí obìnrin, wọ́n fẹnu kò pé ìyá àgbà ni yóò sọ ọmọ lórúkọ láti Bàríga, lójú fóònù. Ó ní Ìbùkúnolúwa lòun máa pè é. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń jó ẹja oníbàárà di èédú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, èrò kún pálọ̀. Oyin wà lórí tábìlì, iyọ̀ wà níbẹ̀. Ìyá Hadassah pe ọmọ rẹ̀, kò lọ. Ó tún un pè. Ọ̀rọ̀ òyìnbó rẹpẹtẹ ló jáde lójú fóònù. Munirat, oníbàárà rẹ̀ tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Akọka, gba fóònù, ó kà á, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mà, wọ́n ní wọ́n ń ti ilé yìí jalè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti ti àkáǹtì tí ẹ fi ń pè é pa." Ó ká léèsì kúrò lórí àpótí. "Ta ló gbé eléyìí wá? Inú ẹ̀ làwọn oníjìbìtì ń gbà kọjá. Tí wọ́n bá tọ ipasẹ̀ wọn, ẹnu ọ̀nà yín ló máa já sí. Ẹni tó gbé e wá ń gbowó lọ́wọ́ wọn, ó sì ń fi yín bò wọ́n mọ́lẹ̀."

Ìyá Hadassah ò lè sọ̀rọ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí, ẹ̀rù bà mí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Orúkọ tèmi," ló sọ níkẹyìn, "lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fún ọmọ lórúkọ!" Ó fa wáyà àpótí yọ.

Kò pẹ́ tí Mùíz fi já wọlé, ọṣẹ lórí, táwẹ́lì nídìí. Àwọn oníjìbìtì tó ń fi pamọ́ ti ń bú u lórí fóònù.

"Mummy, ta ló pa á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Rọra kẹ̀? "Mùíz, o sọ mí di ìbòjú olè! Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ wá wò ó o!" Àwọn tó wà níta náà wọlé, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà. Mo na fóònù tèmi sí Ìyá Hadassah pé kó fi pe ọmọ rẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Ẹni tó tilẹ̀kùn ni yóò ṣí i. Mùíz, fóònù ẹ dà?"

Báyìí ni ọkùnrin tó ń fi fífi èèyàn pamọ́ jẹun ṣe dúró ti ìyá àgbà tòun ti táwẹ́lì, tó na fóònù síwájú, tí ojú àwọn méjèèjì hàn dé Kánádà.

"Mọ́mì, ta ni bọ̀dá onítáwẹ́lì yìí?" ni Hadassah bi í.

"Màá ṣàlàyé." Ó tọ́ oyin lá. "Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo ti wo ilé mi. Olúwafimíhàn ni ọmọ mi ń jẹ́."

A ṣe àmín, a sì ń pe orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Munirat náà pè é, ó há àpótí mọ́ abíyá, ó ń retí àwọn ọlọ́pàá tó ti pè. Ó ku ẹnì kan.

"Mùíz," ni Ìyá Hadassah wí, "pe ọmọ lórúkọ. Sókè, kí wọ́n gbọ́ ọ."