Ìbọn tí Ìyá Ardith Yàn

Bí ẹ bá rí Ardith Loomis lójú ọ̀nà, ẹ ó rò pé afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ. Ẹ má tan ara yín jẹ. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni nígbà tí ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó sì ń dá gbé nínú oko màlúù rẹ̀, lẹ́yìn òkè tó wà níwájú ilé wa ní Wyoming, wáyà fóònù kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Elmo ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà. Èmi àti Clete ọkọ mi ni aládùúgbò tó sún mọ́ ọn jù, bíi máìlì kan sí ara wa. Mo fẹ́ràn obìnrin náà, n kò ní fi pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ a máa ta bí ata.

Ní ìgbà ooru ọdún yẹn, ẹṣin gbé e ṣubú, eegun èjìká rẹ̀ sì dá. Dókítà fi irin tò ó. Verlin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì nílùú Casper, wá jókòó sídìí tábìlì ìyá rẹ̀ níṣojú mi, ó ní òun ti rí yàrá kan fún un nílùú.

"Màmá, ẹ ò lè dá wà níbí mọ́. Kìnnìún òkè pa ọmọ màlúù méjì lọ́dún tó kọjá. Ìbọn Bàbá gan-an, ẹ ò lè yìn ín mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ yìn ín ká wò."

Ìbọn Elmo gùn, ó wúwo, ọta rẹ̀ gùn bí ìka. Ìyá gbé e jáde, ó yìn ín mọ́ ara òkè, ìbọn tàpá, ìyá sì fi ìdí jókòó sílẹ̀ gbì. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo wo ojú Verlin, mo gbé e mì.

Ìyá dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn iyanrìn kúrò ní ṣòkòtò. "Ìbọn ló tóbi jù. Èmi kọ́ ni mo kéré jù."

"Kì í ṣe kìnnìún ló ń bà mí lẹ́rù," Verlin ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ẹ̀rù ń bà mí pé n ó wá síbí lọ́jọ́ kan, n ó bá yín nílẹ̀, ó ti di ọjọ́ kẹta."

Ìyá gbé ìbọn Elmo lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá ní òun ó wá ìbọn tí agbára òun ká. Láràárọ̀, kí aago méje tó lù, òun ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Èmi Lorene ni n ó máa gbọ́ ọ láti ilé wa. Verlin á sì máa fóònù mi ní aago méje. "Ọjọ́ tí Lorene ò bá gbọ́ ọ, wá kó mi. N ò ní jiyàn." Ìyá àti ọmọ bọ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá bọ ènìyàn lọ́wọ́ tán kì í tún yẹ àdéhùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ìsọ̀ Hobart Pruitt, tó ń ta ìṣó, gàárì àti ìbọn. Hobart fẹ́ràn àtita ohun ńlá. Ó gbé ìbọn gígùn kan jáde, tó ní awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn lórí.

"Ìyá Ardith, èyí á pa àgbọ̀nrín lórí òkè kejì kó tó mọ̀ pé òun là ń bá wí."

"Àgbọ̀nrín orí òkè kejì ò ṣẹ̀ mí. Mú èyí tí wọ́n ń fi irin abẹ́ rẹ̀ fa ọta wọlé wá, èyí tó ń jẹ irú ọta tí ìbọn ìléwọ́ tí Elmo fi sílẹ̀, tí mo ń gbé káàkiri, ń jẹ."

"Torí kí ni?"

"Torí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Bí oríṣi ọta méjì bá wà nínú àpò mi, lọ́jọ́ tí yìnyín bá bo ojú mi, èyí tí kò yẹ gan-an ni n ó mú. Oríṣi kan ni mo fẹ́. Ibi tí mo bá ti ki ọwọ́ bọ̀, kó jẹ́ òun náà ni."

Hobart to mẹ́ta sórí káńtà. Ó ti ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò pé kò sí ọta nínú wọn. Ìyá tún ṣí wọn wò lójú rẹ̀, Hobart ò sì bínú, torí ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a kì í tà fún un. Ìyá yọ ìbọ̀wọ́ òtútù rẹ̀ láti inú àpò, ó wọ̀ ọ́. Nínú ìsọ̀ tó móoru! Ihò irin abẹ́ ti àkọ́kọ́ kò gba ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ó tì í sẹ́yìn. Ìkejì ń dán bí ojú ìyàwó, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ wúwo, ó ń fa ọwọ́ ìyá wálẹ̀. Ìkẹta kúrú, ẹnì kan ti lò ó rí, ìdí igi rẹ̀ ti ní àpá. Ìyá fa irin rẹ̀ sílẹ̀, ó dá a padà, kàrà-kọ̀, kàrà-kọ̀, títí ó fi pé ogún.

"Ẹ ó bà á jẹ́ o!"

"Bó bá máa bàjẹ́, kó bàjẹ́ níbí lójú rẹ."

"Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín, ọta ìbọn ìléwọ́ ò lè rìn jìnnà. Bó bá ti ju ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ lọ…"

"Hobart, ojú tèmi gan-an kì í rìn ju ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ lọ."

Ó jẹ́ ká lọ yìn ín lẹ́yìn ìsọ̀. Ìbọn náà rọra ti èjìká ìyá bí ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí Elmo ti kú, inú mi sì dùn débi pé mo ra súwíìtì tí n kò nílò.

Láti oṣù kẹwàá, bí mo bá ti ń mu kọfí láàárọ̀, n ó gbọ́ ọ: pàá! Clete á ní, "Ìyá ti jí." Ní aago méje, fóònù á dún.

"Ṣé ó yìn ín?"

"Ó yìn ín."

Verlin á mí kanlẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà tiwa.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, yìnyín bolẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Kọfí mi tutù. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méje lù, mo fi Clete ti fóònù, mo gun ọkọ̀. Mo ń wakọ̀, mo ń bú Ìyá Ardith, mo ń bẹ Ọlọ́run.

Nínú abà ni mo ti bá a, ó ki ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́ sínú ọ̀dọ́ abo màlúù kan tó ń rọbí àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ọmọ náà mú wá.

"Ìwọ ni? Bọ́ kóòtù rẹ, di okùn yìí mú!"

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. A fà á títí apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ọmọ náà jábọ́, kò mí. Ìyá fi koríko tọ́ ọ nímú. Ó sín. Àwa méjèèjì pariwo.

Ìgbà náà ni ìyá rí oòrùn lójú fèrèsé. "Aago mélòó lù?"

"Mẹ́jọ ti kọjá."

Gbogbo ayọ̀ ojú rẹ̀ ṣí lọ. "Láti aago mẹ́ta ni mo ti wà níbí. Mo gbàgbé, Lorene."

"Ẹ jẹ́ n lọ sọ fún Verlin pé ẹ yìn ín, pé afẹ́fẹ́ ni kò jẹ́ n gbọ́."

"N ò ní pa irọ́ fún ọmọ mi, ìwọ náà ò sì ní bá mi pa á."

Nígbà tí ọmọ màlúù ti ń mu ọmú, ó wọlé, ó gbé páálí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwo sínú rẹ̀. Mò ń bá a fi bébà wé wọn, mò ń sunkún. Òun kò sunkún.

Clete ò mọ irọ́ pa. Ó ti sọ fún Verlin pé n kò gbọ́ ìbọn. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni ọkọ̀ Verlin já wọlé. Kò ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò dé fìlà, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ìyá rẹ̀ tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì gbá férémù ilẹ̀kùn mú.

"N ò yìn ín," ìyá wí. "Màlúù ń rọbí, mo gbàgbé. Mo ti ń di ẹrù."

Verlin wo páálí. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sí apá ìyá rẹ̀. "Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó ti ń mu ọmú."

Verlin gbé ìbọn kúrò lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó jáde. Kàrà-kọ̀. Pàá! Ara òkè dá ohùn rẹ̀ padà. Ó wọlé, ó ṣí ìbọn wò, ó gbé e kọ́ sáyè rẹ̀.

"Mo ti gbọ́ tòní, Màmá. Ẹ kó àwo yẹn padà."

"Verlin, aago mẹ́sàn-án ti lù."

Verlin fa apá aṣọ rẹ̀ bo aago ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ní ká fún òun ní kọfí.