Ta Ló So Wáyà Yìí?

Kò-sí-bí-tèmi ni gbogbo ọgbà mẹkáníìkì ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń ṣe iná ọkọ̀, kò sì sí oníṣẹ́ ọwọ́ kan nínú ọgbà náà tí kò tíì bú rí. Bí ọkọ̀ bá ti dé iwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ ni, "Ta ni òpònú tó fọwọ́ kan èyí?" Ká ní kò mọṣẹ́ ni, à bá kàn fi í rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dunni níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó kórìíra jù ni Sísí Oníná, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ọdún mẹ́rin ni Sísí fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gba fíríìdọ̀mù tán, ó gba ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ti ọ̀gá rẹ̀, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí pé kì í bú wọn. Láti ọjọ́ náà ni bàbá yìí ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì í pé, "Ejò ni mo fọwọ́ ara mi tọ́ dàgbà."

Ẹ wá wo bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó nígbà tí bátìrì ọkọ̀ ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Sísí ti ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun, síbẹ̀ bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò ní gbiná. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, aboyún tó ń rọbí wà lẹ́yìn ọkọ̀, ọkọ̀ kàn ń dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, àwọn ará àdúgbò ló tì í títí ó fi gbiná. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ìyá bí, ọmọ yè. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ náà bá gbéjà dé ọgbà.

"Òkú bátìrì ni obìnrin yìí tà fún mi!"

Alága ọgbà pe gbogbo wọn jọ. Ó ní bó bá jẹ́ ọwọ́ Sísí ló ba ọkọ̀ náà jẹ́, kó kẹ́rù rẹ̀ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wá béèrè ẹni tó máa yẹ ọkọ̀ náà wò. Kò tíì panu dé tí Kò-sí-bí-tèmi fi dìde.

"Sà, tuntun ni bátìrì yẹn," Sísí sọ. "Ẹ fara balẹ̀ wò ó."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀? Obìnrin tó bá ń wá iná, ilé ìdáná ni kó lọ!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Iná ilé ìdáná tèmi kò kú, sà. Èyí tó kú ni kẹ́ ẹ bá wa wò."

Ẹ̀rín yí padà sí bàbá lórí. Ó gbójú sókè, ó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ó yẹ bátìrì wò: bátìrì le koko. Èyí bí i nínú. Ó wá tú orí wáyà dúdú kúrò lára bátìrì, ó fi gílóòbù kékeré kan sáàárín wáyà àti bátìrì, ó ní kí dẹ́rẹ́bà pa gbogbo nǹkan, kó sì ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ó yẹ kí gílóòbù náà kú. Kò kú. Ó ń pọ́n bí ojú ọ̀mùtí.

"Ẹ rí i? Nǹkan kan ń mu iná nígbà tí ọkọ̀ ń sùn!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti yọ ọ̀kan, á wo Sísí tìkà-tìkà. Ó yọ gbogbo wọn tán, gílóòbù ò kú. Inú rẹ̀ wá dùn dénú.

"Wáyà kan jáde tààrà lára bátìrì. Kò gba fíúsì, kò gba kọ́kọ́rọ́. Apànìyàn ló ṣe irú iṣẹ́ yìí! Kó máa lọ lónìí olónìí!"

Ó fọwọ́ tọ wáyà náà lọ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì títí dé ẹ̀yìn. Ó gbé àga ẹ̀yìn sókè. Àpótí fèrè tí ọkọ̀ náà fi ń ké lójú ọ̀nà láyé àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti yọ fèrè kúrò lórí ọkọ̀ tipẹ́, àmọ́ wọ́n gbàgbé àpótí sábẹ́ àga, omi òjò ti wọ̀ ọ́, ó sì ń mu iná tọ̀sán-tòru. Bàbá fa ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà jáde kó lè fi han ayé.

Òwú pupa ni wọ́n fi di í lórí téépù. Òun nìkan ló ń fi òwú pupa di wáyà nínú gbogbo ọgbà, ó ní oòrùn kì í jẹ́ kí téépù lẹ̀ pẹ́. Ó rántí. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni, àwọ̀ ewé ni ọkọ̀ náà nígbà yẹn, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á padà wá fi fíúsì sí i. Kò padà wá.

Ó pa ọwọ́ dé mọ́ ọn. Bó bá fa òwú náà lẹ́ẹ̀kan, á já, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ó gbójú sókè. Sísí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kejì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti rí i, kò sì sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dun bàbá jù. Ká ní ó pariwo ni, òun náà ì bá pariwo, ariwo kò sú u rí.

"Kí lẹ rí, bàbá?" alága béèrè. "Ta ló so ó?"

Ó wá ẹni tó máa bú, kò rí.

"Èmi ni."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ṣé etí yín di ni? Mo ní èmi ni! Òwú mi nìyí. Ẹ yé wò mí bẹ́ẹ̀!"

Dẹ́rẹ́bà pòṣé, ó tutọ́ sílẹ̀. Alága yíjú sí Sísí pé kó ṣe sùúrù, àgbà ni, òun ló sì kọ́ ọ níṣẹ́.

"Sùúrù ti tán lọ́wọ́ mi, sà. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ lé mi kúrò níbi tí mo ti ń jẹun. Kí wọ́n tún ọkọ̀ yìí ṣe báyìí, lójú gbogbo èèyàn."

Ó fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó síwájú ọkọ̀. Bàbá yọ àpótí fèrè, ó gé wáyà náà kúrò, ó dá àwọn fíúsì padà. Gílóòbù kú pátápátá. Ó wá dá orí wáyà padà sára bátìrì, ó dè é. Sísí dìde, ó fi ìka méjì mì í. Ó mì díẹ̀.

"Kò le tó," ó sọ. "Ẹ tú u, kí ẹ tún un dè."

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí i rí. Ó wo Sísí, ó wo alága, kò sẹ́ni tó gbè é. Kò-sí-bí-tèmi mú sípánà, ó tú u, ó sì tún un dè.