Àkókó Tó Bu Bààmú

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo ra ìwé àwòrán ẹyẹ àti awò tó ń fa ohun ọ̀ọ́kán mọ́ra, mo wá sọ ara mi di ọ̀gá nídìí ẹyẹ ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àkókó kan tí mi ò rí irú ẹ̀ rí ń gbẹ́ igi àgbọn gbígbẹ tó wà lẹ́yìnkùlé. Orí ẹ̀ pupa, àyà ẹ̀ rí tóótòòtó, ìlà dúdú kan sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kọjá. Mo ṣí ìwé títí. Mẹ́rin ló jọ ọ́, mi ò mọ èyí tí mo lè mú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gba awò lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ẹyẹ náà lẹ́ẹ̀kan péré.

“Bààmú ló bù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni.”

Mo ní ẹyẹ kì í kọlà, pé inú ìwé ni wọ́n ti ń dá a mọ̀.

Wọ́n yí awò náà sí ojú mi tí ò nílà kankan.

“Ẹyẹ la ti mọ̀. Ìwọ tójú ẹ ṣe bọ̀rọ́ yìí, inú ìwé wo la ó ti wá ọ?”